Ọkọ̀ Tó Dúró Níwájú Apá Pupa

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará Òkè-Odò. Kí ẹni tó dúró lẹ́yìn wá ibi jókòó lórí gbòǹgbò igi yẹn, kí ẹni tó ń jẹ obì sì rọra máa jẹ ẹ́, nítorí ohùn mi kò lọ sókè bíi ti àtijọ́ mọ́. Èmi Ọdẹ́sànmí ni mo ń bá yín sọ̀rọ̀, èmi tí mo pa ẹfọ̀n mọ́kànlá, tí mo bá ẹbọra jìjàkadì nídìí àpáta tí mo sì já fìlà gbà lórí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá rò pé irọ́ ni, kó lọ wo fìlà náà lára ògiri mi. Ihò mẹ́ta ló ní, nítorí orí mẹ́ta ni onífìlà ní.

Ọjọ́ kẹjọ rèé tí a sin àbúrò mi Àwẹ̀ró. Ẹ ti sunkún tó, èmi náà ti sunkún tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ríran fún yín.

Ọdún méjìlélógún ni Àwẹ̀ró nígbà tí ilẹ̀ gbígbóná jà nílùú yìí. Kò pa á, ṣùgbọ́n ó gba ojú rẹ̀ méjèèjì. Ìyá wa kò jẹun ní ọ̀sẹ̀ náà. Nígbà tó yá, ọdẹ àgbà kan sọ fún wa pé ìsun omi kan wà lẹ́yìn Igbó Irin, ìsun tí àwọn iwin fi ń wẹ ojú wọn, pé afọ́jú tó bá fi wẹ ojú níbẹ̀ fún òṣùpá mẹ́ta yóò ríran. Ó ní òun kò mọ ẹni tó dé ibẹ̀ rí tó sì padà. Ẹ mọ irú ọkùnrin tí mo jẹ́ nígbà náà. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo ti gbé ìbọn mi kọ́ èjìká. Ìyá wa di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó sì bẹ̀ mí pé kí n má ṣe pa ọmọ òun tì lọ́nà. Mo ní kó fọkàn balẹ̀.

A rìn fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹsẹ̀ mi kọ irin láàárín igbó dídí. Mo wo ilẹ̀, mo rí irin méjì tó nà lọ gbọọrọ, tó ń dán bí ojú omi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ènìyàn tó lè la ọ̀nà irú bẹ́ẹ̀ gba inú igbó yẹn kọjá. Bí mo ti ń wò ó, Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó gbé etí lé irin náà, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan ńlá kan ń bọ̀. Ó ń mí.”

Ọkọ̀ ojú irin àwọn iwin ni. Yàrá mẹ́rìnlá ló wọ́ tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń fà wọ́n, nǹkan bí irinwó èrò ló sì wà nínú wọn. Mo rí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ewúrẹ́, mo rí ìyàwó ilé kan tó ní irun lórí ahọ́n, mo rí bàbá kan tó gbé orí ara rẹ̀ sínú agbọ̀n lórí itan, kí ó má baà gbá ara ògiri bí ọkọ̀ bá ń mì. Awakọ̀ wọn ń jẹ́ Eéfínlọlá. Ó dúdú bí èédú, èéfín sì ń jáde ní etí rẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ jẹ́ obìnrin, Ojúlẹ́yìn ni wọ́n ń pè é, nítorí ìpàkọ́ rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà. Wọ́n bi wá ibi tí à ń lọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ìsun náà ni, wọ́n ní kí a wọlé.

Ní ọ̀sán gangan, ọkọ̀ dẹ̀rìn, ó sì dúró. Mo sọ̀ kalẹ̀ láti wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo rí òpó gíga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, apá pupa kan sì nà jáde lára rẹ̀ gbọnrangandan. Eéfínlọlá fun fèrè. Ó dúró. Ó tún fun ún. Apá náà kò wálẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò lọ. Mo ní ojú mi kò rí nǹkan kan níwájú, bẹ́ẹ̀ ojú ọdẹ ni ojú mi. Mo ní ṣé igi lásán tí a kùn ní pupa ni yóò dá ọkọ̀ tó tóbi tó báyìí dúró?

Ó mú mi lọ́wọ́, ó fà mí wọ inú igbó, kò ju ìṣísẹ̀ ogún lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí òkú rí, mo ti rí ibi tí erin ti tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí irú ti ọjọ́ náà rí. Ọkọ̀ ojú irin méjì ni mo rí, èkíní gun èkejì lẹ́yìn, wọ́n ti fọ́ wọnú ara wọn débi pé n kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Igi ti hù gba ojú fèrèsé wọn jáde. Bàtà wà nínú koríko. Ìyarun wà níbẹ̀, àti ife ọmọdé kan. Egungun pọ̀ nínú koríko náà ju òkúta lọ.

Eéfínlọlá ní bàbá òun ló wa èyí tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Ó ní bàbá òun kò ré Apá Pupa kọjá o. Ó dúró bí òfin ṣe wí, ó ń retí, ó sì jókòó pa sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ṣọ́ apá náà nínú ahéré rẹ̀ gbàgbé pé ó wà níbẹ̀, ó sì ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ mìíràn láti ẹ̀yìn.

Mo ṣí fìlà mi, mo tẹ̀ lé e padà.

Nígbà tí a padà, ó ṣàlàyé òfin wọn fún mi, òfin tí wọ́n fi egungun yẹn kọ́. Ó ní bí ọkọ̀ bá dúró níwájú Apá Pupa tí ó sì ti fun fèrè, kò gbọdọ̀ jókòó kó máa retí bí ẹni tó wá kí àna. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ahéré Aṣọ́nà, kó gun àkàsọ̀ rẹ̀ dé òkè, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún un lójúkojú pé ọkọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Kó má dúró nísàlẹ̀ pariwo sókè. Kó dúró tì í títí Aṣọ́nà yóò fi ki òrùka irin bọ ọ̀pá tó fi ń ṣí ọ̀nà, nítorí bí òrùka náà bá ti wà lára ọ̀pá, bí orí Aṣọ́nà tilẹ̀ gbàgbé, ọwọ́ rẹ̀ kò ní lè fà á. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ńlá, kó tó padà. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ní tirẹ̀ yóò rìn padà lọ jìnnà lójú irin, yóò sì de ìdì ẹ̀tù mẹ́ta mọ́ irin lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọkọ̀ mìíràn bá ń bọ̀, ẹ̀tù yóò bú lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, awakọ̀ yóò sì mọ̀ pé kí òun dúró.

Ẹni tó ń koná fún un ló máa ń lọ sí ahéré, ṣùgbọ́n omi gbígbóná ti bó o lẹ́sẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Eéfínlọlá fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ jìnnà sí ẹ̀rọ. Mo ní èmi yóò lọ. Ó wò mí títí, ó ní kí n má yà síbì kankan, kí n má ṣe dúró kí ẹnikẹ́ni. Mo rẹ́rìn-ín. Mo bi í bóyá ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Àwẹ̀ró ní òun yóò tẹ̀lé Ojúlẹ́yìn lọ sí ẹ̀yìn. Ó ní òun lè gbé etí lé irin, òun yóò sì gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ojúlẹ́yìn di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n lọ. Èmi kọjú síwájú.

Kò pẹ́ tí mo fi bá iwin kan tó jókòó sáàárín ọ̀nà, ó ní ẹnu méjì, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan nínú àtẹ́lẹwọ́. Ẹnu iwájú ní kí n sọ ẹni tó ti dé tí kò tíì wọlé. Mo ní ọmọ inú oyún ni. Ẹnu àtẹ́lẹwọ́ ní kí n sọ ohun tí gbogbo ayé ń retí tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Mo ní ọ̀la ni. Ó ṣí ọ̀nà fún mi kíákíá, ó tiẹ̀ tún dá fìlà mi tó jábọ́ padà fún mi. Mo dé ibi tí irin ti di mẹ́ta dípò méjì. Mo wò ó dáadáa: ọ̀kan nínú wọn kò dán bí àwọn yòókù, eṣinṣin sì bà lé e lórí. Òjòlá ni, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ bí irin, ó ń retí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́. Mo fò ó dá. Ẹ wo bí mo ti gbọ́n tó nígbà náà.

Bí mo bá ti sọ ìtàn yìí dé ibí yìí, mo máa ń sọ pé mo wá dé ahéré. Irọ́ ni. N kò tíì dé ahéré.

Àgbọ̀nrín kan jáde sójú ọ̀nà. Funfun ni látòkè délẹ̀, ìwo rẹ̀ sì ń kọ mànà bí idẹ. Ó wò mí, ó rọra rìn wọ igbó. Ẹ̀yin ọdẹ tó wà níbí, ẹ mọ ohun tó ṣe ọkàn mi. Mo sọ fún ara mi pé ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni. Mo tẹ̀ lé e. Ó dúró, mo lóṣòó, ó tún lọ. Ó mú mi yí igi ńlá kan ká, ó mú mi gba àbàtà kan kọjá. N kò rántí ọkọ̀ mọ́. N kò rántí àbúrò mi. Nígbà tó yá, ó dúró sójú kan, mo yìnbọn, ó ṣubú. Mo tún jókòó, mo dì í, mo gbé e kọ́ ẹ̀ka igi kí èèrà má baà jẹ ẹ́. Orin ọdẹ ni mo ń kọ sábẹ́ imú nígbà tí mo padà sójú irin.

Ahéré náà wà lórí òpó mẹ́rin. Mo gun àkàsọ̀, mo bá bàbá arúgbó kan lókè, aṣọ funfun ló wọ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá ilẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Aṣọ́nà nìyẹn. Kó tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀, ó ti ń ròyìn fún mi pé ọmọ òun Àbọ̀dé, tó ti lọ wa ọkọ̀ nílẹ̀ òkèèrè fún ọdún méje, ló ń wa ọkọ̀ bọ̀ wálé lónìí. Ó ní òun ti se iṣu sílẹ̀ dè é.

Mo sọ ohun tí wọ́n rán mi. Mo ní, “Bàbá, ọkọ̀ kan dúró níwájú Apá Pupa yín.”

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí eérú. Ó wo ọ̀pá irin tó wà níwájú rẹ̀, ó wo aago, ó sì rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ọ̀nà fún ọmọ mi. Kò tíì pẹ́ rárá.”

Kò tíì pẹ́ rárá. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe ní àkókò tí kò tíì pẹ́ yẹn. Àgbọ̀nrín ni mò ń dì.

Ó fa ọ̀pá náà padà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ó sì ki òrùka irin bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọmọ rẹ̀ ti kọjá apá kejì, èyí tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa lọ́hùn-ún. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ẹ̀tù tó wà lójú irin. Bàbá náà di apá mi mú, a dúró, a tẹ́tí. Ẹ̀tù kìíní bú. Ó ka ení. A dúró. Èkejì bú. Ó ka èjì. A dúró títí, ẹ̀kẹta kò bú. A gbọ́ igbe irin lára irin, igbe gígùn kan tó mú kí gbogbo ẹyẹ inú igbó fò. Lẹ́yìn náà, ibi gbogbo pa rọ́rọ́.

Bàbá náà ní kí n fọwọ́ sí ìwé. Mo rò pé orí rẹ̀ ti dà rú. Ṣùgbọ́n ó ní òfin ni, kí n kọ orúkọ mi, òun yóò sì kọ àkókò tí mo dé síwájú rẹ̀. N kò mọ̀ọ́kọ. Mo tẹ̀ka.

N kò mọ bí mo ṣe sáré padà. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ọkọ̀ wa, mo rí ọkọ̀ kejì tó dúró níbẹ̀, èéfín ń jáde lábẹ́ gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo lè na ìbọn mi láàárín ọkọ̀ méjèèjì, kí ìdí rẹ̀ kan ọ̀kan, kí ẹnu rẹ̀ kan èkejì. Ibi tí ó kù kí irinwó èrò di egungun nìyẹn. Láàárín àlàfo náà ni àbúrò mi dúró sí, pẹ̀lú gèlè pupa rẹ̀ lọ́wọ́, ó ṣì ń jù ú fìrìfìrì, nítorí kò rí i pé ọkọ̀ ti dúró.

Wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ojúlẹ́yìn ti de ẹ̀tù méjì lọ́hùn-ún, ó ń padà bọ̀ wá de ẹ̀kẹta nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ kòtò, egungun rẹ̀ sì kán. Àwẹ̀ró gbé etí lé irin, ó gbọ́ ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ó wá ìdì kẹta nínú koríko títí, kò rí i. Ó wá tú gèlè orí rẹ̀, ó bi Ojúlẹ́yìn àwọ̀ tó ní, ìyẹn ní pupa ni, ló bá dúró sáàárín irin. Àbọ̀dé awakọ̀ ní ẹ̀tù méjì tó bú ló jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ sí tẹ bíréèkì, ṣùgbọ́n ìgbà tí òun rí obìnrin náà lójú irin, tí kò sá, ni òun fi gbogbo ara òun dùbúlẹ̀ lé bíréèkì náà. Bí ọkọ̀ náà ṣe ń sún bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Àwẹ̀ró ń fẹ̀yìn rìn, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ọkọ̀ wa.

Baba Aṣọ́nà dé bá wa níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé ńlá náà lọ́wọ́, ó ti fi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan sínú ahéré. Kò lọ dì mọ́ ọmọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ síwájú Eéfínlọlá, ó ní ẹ̀bi òun ni, kí wọ́n mú òun lọ jókòó láàárín egungun títí ayé bí òfin ṣe wí. Eéfínlọlá ṣí ìwé, ó wo àkókò tí mo dé ahéré. Ó kọjú sí mi, ó bi mí ibi tí mo wà. Mo ní iwin ẹlẹ́nu méjì ló dá mi dúró, pé àlọ́ rẹ̀ le. Ẹnu mi kò gbọ̀n. Bàbá arúgbó náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

Àwẹ̀ró ló sọ̀rọ̀. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ ìró ìbọn yín.”

Gbogbo wọn yíjú sí mi, irinwó iwin, pẹ̀lú ẹni tí orí rẹ̀ wà nínú agbọ̀n. Mo ti dúró níwájú ẹfọ̀n rí. Kò sí ìgbà kan tí mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì bí ìgbà yẹn. Mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́ àgbọ̀nrín náà.

Wọn kò fọwọ́ kàn mí. Wọ́n gba ahéré lọ́wọ́ Baba Aṣọ́nà nítorí pé ó gbàgbé, ṣùgbọ́n wọn kò mú un lọ sáàárín egungun, Àbọ̀dé ló mú un lọ sílé. Ní tèmi, Eéfínlọlá ní n kò ní wọ ọkọ̀ kankan lójú irin yẹn mọ́ láéláé. Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ mi lọ sílé, kí n sì lọ gbé ẹran mi. Apá Pupa wálẹ̀. Àwẹ̀ró wọ ọkọ̀, ó bá wọn lọ sí ìsun náà láìsí mi. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin títí n kò fi gbọ́ ìró ọkọ̀ mọ́. N kò lọ gbé ẹran náà.

Ẹ̀yin àgbà àárín yín rántí ìyókù. Mo dé ilé, mo sọ fún ìyá wa pé mo ti mú un dé ibẹ̀, pé òfin ìsun náà ni kò jẹ́ kí ọkùnrin dúró. Nígbà tí òṣùpá mẹ́ta pé, Àwẹ̀ró gba ọ̀nà oko rìn wọ̀lú, ó ń wo ewé, ó ń wo òkè, ó ń ka ewúrẹ́. Ẹ gbé mi sókè lọ́jọ́ náà. Ẹ fi mí joyè. Bí ẹ ti gbé mi sórí èjìká, mo wo ìsàlẹ̀, mo rí i tó ń wò mí pẹ̀lú ojú rẹ̀ tuntun, kò sì sọ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kejì, mo bá a nídìí ààrò, mo bi í ìdí tí kò fi sọ ọ́. Ó ń fẹ́ iná. Ó ní, “Mo sọ ọ́ níbẹ̀ nítorí bàbá yẹn. Níbí, ẹ̀yin lẹ ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ tó bá wù yín.”

Ogójì ọdún ni mo fi retí ọjọ́ tí yóò wù mí. Òun ló kọ́kọ́ lọ.

Mo ti sọ ọ́. Òòrùn ti ń rọlẹ̀, ẹ lè máa dìde. Ẹni tí kò bá kí mi kó tó lọ, n kò ní bínú sí i.